Owó ni wọ́n wá dé Abidjan, èémí ló di ohun tí wọ́n ń wá kiri

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ní ọmọ, àbúrò tàbí ọkọ nílùú Abidjan. Ó sì kan àwọn tó wà ní Ìkẹjà, ní Ọ̀tà àti ní Agbára pẹ̀lú, nítorí pé ibikíbi tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá bá pọ̀ sí, tí àwọn tó ń fi igi dáná sì yí wọn ká, ohun kan náà ni imú ń fà.

Ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Abidjan ni Yopougon wà, láàárín igbó Banco àti ọ̀sà Ébrié. Nígbà tí ìjọba Côte d'Ivoire ka àwọn ènìyàn ní 2021, àwọn tó ń gbé Yopougon ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ, kò sì sí àdúgbò mìíràn ní Abidjan tí èrò rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbà ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Zone Industrielle wà, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí apá òkè orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n ń lọ kòkó níbẹ̀, wọ́n ń ṣe símẹ́ńtì, ike, ọṣẹ, ìpara àti oògùn. Ilé-iṣẹ́ Cargill parí iṣẹ́ fífẹ ibi tí wọ́n ti ń lọ kòkó níbẹ̀ lójú ní 2021. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó yọ, àwọn tí kò ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ti ń tò sẹ́nu géètì, wọ́n ń retí kí wọ́n pè wọ́n wọlé fún iṣẹ́ òòjọ́.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò ní Abidjan. Láti ayé àwọn baba wa ni àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òde òní, ti ń gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ, débi pé ẹni tó bá dé Ẹ̀jìgbò lónìí yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu tàgbà tèwe, yóò sì rí ọkọ̀ tó ń na Abidjan tààrà. Anango ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe àwọn èèyàn wa. Òwò ṣíṣe ni a mọ̀ mọ́ wọn jù, ṣùgbọ́n ẹni tí ọjà rẹ̀ bá kùtà, tí owó ilé sì ti pé, kò sí bí kò ṣe ní yà sẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, ara rẹ̀ le bí òkúta nígbà tó kúrò nílé. Kò ní ásímà ní kékeré rẹ̀. Ọdún kejì tó wọ ibi iṣẹ́ tí eruku ti ń bo ènìyàn lójú ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí i ní aago mẹ́ta òru. Àyà rẹ̀ a máa dún bí ẹni ń súfèé. Yóò dìde jókòó, yóò fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, yóò máa wá èémí bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Ó fi tó ìyá rẹ̀ létí, ìyá ní ayé ló ń ṣe é, kí ó wálé wá gba àdúrà. Ó wálé, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikọ́ lọ, oorun dé, gbogbo ẹbí ní àdúrà ti gbà. Ó padà sí Yopougon. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tó tún wọ ibi iṣẹ́ tí òru tún di ogun.

Àpẹẹrẹ lásán ni ọkùnrin yìí, kò ní orúkọ. Ṣùgbọ́n dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, bí ó bá gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, kò ní í béèrè ẹni tí wọ́n jọ ń jà nílé. Ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé: "Irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Bí o bá gba ìsinmi, ṣé ara rẹ máa ń yá?"

KÍ LÓ Ń SÉ ÈÉMÍ GAN-AN?

Nínú ẹ̀dọ̀fóró wa ni àwọn ihò tóóró wà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí ó sì ń gbà jáde. Wọ́n pín bí ẹ̀ka igi, bí wọ́n ṣe ń lọ sínú ni wọ́n ń tín-ín-rín sí i. Lára ẹni tó ní ásímà, inú àwọn ihò yìí máa ń wú, ó sì máa ń pọ́n bí ojú egbò, kódà lọ́jọ́ tí ẹni náà bá ń rìn kiri tí kò sí ohun tó ń ṣe é. Bí ohun tí ara rẹ̀ kò fẹ́ bá wá wọ ibẹ̀, iṣan tó yí ihò náà ká yóò fún un pọ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò sì dí ibi tó kù. Atẹ́gùn tó ti wọlé kì í wá rí ọ̀nà jáde bọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé mímí jáde gan-an ló máa ń nira jù fún ẹni tí ásímà gbé, àti pé òru àti ìdájí ló máa ń le jù.

Ásímà kì í ràn. Ẹnikẹ́ni kò lè kó o láti inú ife tàbí láti orí ibùsùn. Ọ̀tọ̀ ni òun, ọ̀tọ̀ ni ikọ́ ife tí àwọn dókítà ń pè ní TB. Ìyẹn ń ràn ní tirẹ̀, kòkòrò ló sì ń fà á. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí ó kọ́kọ́ lọ yẹ ti ikọ́ ife wò ná, nítorí ìtọ́jú rẹ̀ kò gba owó ní Nàìjíríà, kò sì gba owó ní Côte d'Ivoire.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ní ọdún 2019 nìkan, bí 262 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní ásímà káàkiri ayé, àwọn tó sì kú nítorí rẹ̀ tó 455,000. Àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn òkú wọ̀nyí ti wá, níbi tí oògùn ti ṣọ̀wọ́n. Nílé tiwa níbí, ìwádìí tí Obianuju Ozoh ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2019 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́tàlá ọmọ Nàìjíríà ló ní in. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mélòó nínú wọn lẹ mọ̀ tó ń sọ ọ́ síta?

ERUKU IBI IṢẸ́

Kì í ṣe òní ni a mọ̀ pé iṣẹ́ lè sọ aláàyè di ẹni tí èémí ń sé. Ní 1700, dókítà ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Bernardino Ramazzini kọ ìwé lórí àrùn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó sì sọ nípa ikọ́ àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì àti àwọn tó ń ku ọkà. Ìyẹ̀fun náà nìyẹn, tí ó funfun bí ohun tí kò lè pa eṣinṣin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a wá mọ̀ nípa eruku igi lọ́dọ̀ àwọn kápẹ́ńtà, eruku kọfí tútù, àwọn kẹ́míkà tó wà nínú ọ̀dà tí wọ́n ń fín sára mọ́tò àti èyí tí wọ́n fi ń ṣe fóòmù, òórùn ọṣẹ ìfọlẹ̀ tó mú, àti ẹ̀tù tí àwọn onídìrí fi ń sọ irun di pupa.

Ti òwú yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ mọ̀ pé ọjọ́ Ajé ni àyà máa ń fún wọn jù, lẹ́yìn ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ sì ṣe ń lọ ni ara ń gbà á. Àwọn Òyìnbó ní orúkọ fún un, wọ́n ń pè é ní byssinosis. Nílé-iṣẹ́ aṣọ tó bá ń jáfáfá, ẹ̀rọ tó ń fa eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń ṣẹ́gun rẹ̀.

A kò fi ẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ kankan ní Yopougon o. Ohun tí a ń sọ ni pé kí òṣìṣẹ́ mọ ohun tó ń fà símú, kí ó mọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì lè dá dókítà lóhùn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ènìyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ tagbáratagbára, tí yóò sì fi iye hàn. Peak flow ni wọ́n ń pè é, kò tóbi ju tọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹni tó bá fura sí iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa fẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, yóò sì máa kọ iye tó rí sílẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi. Bí iye náà bá ń lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, tí ó ń gòkè lọ́jọ́ ìsinmi, ìwé kékeré yẹn lágbára ju ẹnu ènìyàn lọ níwájú ọ̀gá tó bá ní irọ́ ni.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí wọ́n ń gbà sí iṣẹ́ òòjọ́ kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn. Géètì ṣí sílẹ̀ lọ́la fún ẹni tí àyà rẹ̀ kò dún. Nítorí náà ni yóò ṣe máa yà sí ilé ìyàgbẹ́ láti lọ fa oògùn rẹ̀ níkọ̀kọ̀, tí yóò sì padà sínú eruku náà. Bẹ́ẹ̀, bí ohun tó ń fa ásímà bá jẹ́ ti iṣẹ́, bí ènìyàn bá ṣe tètè kúrò nídìí rẹ̀ tó ni ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò tó. Ẹni tó bá fi ọdún márùn-ún pa á mọ́ra lè kúrò níbi iṣẹ́ náà tán kí ásímà má kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Ní Côte d'Ivoire, àjọ CNPS ló ń bójú tó àrùn tí iṣẹ́ bá fà fún òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn òṣìṣẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí lé NSITF lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa: òṣìṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi owó lé lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ láìsí ìwé, ìdin ni yóò fi sùúrù yọ kí ó tó rí nǹkan gbà.

ÈÉFÍN TIWA NÁÀ ŃKỌ́?

Gbogbo ènìyàn ló máa ń nàka sí ihò èéfín ilé-iṣẹ́ nítorí pé ó ga, ojú sì ń rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ètò DACCIWA ń wọn ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ ní Abidjan àti Kútọ̀nù láàárín 2015 sí 2017, ibì kan ní Yopougon tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja, tí wọ́n sì ń yan ẹ̀pà, ni wọ́n ti bá èyí tó burú jù. Èérún tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ pọ̀ níbẹ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po ju ti etí títì tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lọ́sàn-án lóru. Bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin wọ̀nyí a máa pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí ààrò. Èéfín tí ìyá fà ni ọmọ ń fà.

A kò lè sọ pé kí obìnrin tó ń fi ẹja bọ́ ọmọ márùn-ún fi ẹja sílẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe wà. Ààrò kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Thiaroye, lórílẹ̀-èdè Senegal, lọ́wọ́ àjọ FAO, tó ní ibi tí ọ̀rá ẹja ń kán sí àti ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣọ́ èéfín. Wọ́n ti kọ́ irú rẹ̀ fún àwọn obìnrin ní Côte d'Ivoire pẹ̀lú. Igi tó ń jó dín kù, èéfín náà sì dín kù. Fún ẹni tí kò ì tí ì rí i, kí ó gbé ààrò jìnnà sí ojú fèrèsé, kí ó mọ ibi tí atẹ́gùn kọrí sí, kí ó sì gbé ọmọ kúrò lẹ́yìn. Nínú ilé, oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń sun, tùràrí, sìgá, aáyán, àti fóòmù àtijọ́ tó ti gba eruku sára wà lára ohun tó ń ta ásímà jí. Bí ọyẹ́ bá dé, ìyẹn tún di ẹrù mìíràn, nítorí láti aṣálẹ̀ Chad ni eruku rẹ̀ ti ń fẹ́ wá.

Ará Abidjan kì í fi ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ṣeré, ó sì ní ìdí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, ọkọ̀ ojú omi Probo Koala, tí ilé-iṣẹ́ Trafigura háyà, gbé ìdọ̀tí olóró dé èbúté ibẹ̀. Òru ni wọ́n da á káàkiri ìlú, ní Akouédo àti ní àwọn ibòmíràn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òórùn ti gba ìlú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló rọ́ lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ikọ́, orí fífọ́, imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ àti àyà tó ń fún wọn. Ìjọba ní ó ju mẹ́wàá lọ nínú wọn tó kú. Ọmọ Nàìjíríà kan, Okechukwu Ibeanu, ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà ní 2008. Ti Probo Koala kì í ṣe ásímà, ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ti kọ́ láti béèrè pé: kí ni mò ń fà símú yìí?

OÒGÙN ALÁWỌ̀ BÚLÚÙ NÌKAN KÒ TÓ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń pa ènìyàn nìyí, a ó sì dúró díẹ̀ síbẹ̀. Oògùn ìfàsímú tí àwọn èèyàn wa ń pè ní inhaler pín sí oríṣi méjì. Aláwọ̀ búlúù, salbutamol, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ventolin tàbí Ventoline, ti wà láti 1969. Iṣan tó fún pọ̀ ló ń tú sílẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ èémí á já geere. Kò wo wíwú tó wà nínú ihò náà rárá. Ẹni tó bá ń lò ó nìkan dà bí ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí ó ń fi ọ̀pá nu ilẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò gun àjà.

Èyí tó ń wo wíwú náà ni oògùn bíi beclometasone àti budesonide. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, yálà ara yá tàbí kò yá, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ènìyàn tó rí iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ ló ń jù ú nù lọ́jọ́ kẹta pé kò ṣiṣẹ́. Láti 2019 ni ẹgbẹ́ GINA, tó ń tọ́ àwọn dókítà ayé sọ́nà lórí ásímà, ti sọ pé kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ kankan má ṣe fi salbutamol nìkan gbára lé mọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni àdàlù budesonide àti formoterol nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, tí ènìyàn lè lò lójoojúmọ́, tí ó sì tún lè fà nígbà tí àyà bá fún un. Bí o bá rí i pé o ń fa búlúù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ásímà rẹ kò sí lábẹ́ àkóso, lọ bá dókítà.

Owó ńkọ́? Nígbà tí ilé-iṣẹ́ GSK kéde ní 2023 pé òun ń kó ọjà òun kúrò ní Nàìjíríà, Ventolin àti Seretide di góòlù lórí àtẹ. Salbutamol tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ṣe wà, orúkọ oògùn ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Ní Côte d'Ivoire, ètò ìlera CMU bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ẹgbẹ̀rún kan owó CFA ni wọ́n fi lélẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Kí àwọn èèyàn wa tó ní ìwé ìgbélùú lọ béèrè bí wọn yóò ṣe wọ inú rẹ̀.

Ohun tí owó ń sún ọ̀pọ̀ sí ni ọjà Roxy ní Adjamé àti irú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn lórí ilẹ̀. Oníṣẹ́ tí kò lè ra ìfàsímú yóò lọ ra hóró dexamethasone tàbí prednisone níbẹ̀. Àyà á fúyẹ́ lóòótọ́, ara á sì sanra, òun á rò pé ìlera ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti egungun tó ń rọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn ẹ̀fọ́rí bíi aspirin àti ibuprofen lè gbé ásímà dìde lára àwọn kan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń jẹ́ propranolol kò sì bá alásímà lára mu rárá.

Àwọn àgbà ní tiwọn a máa lo apikán. Kí á má tan ara wa, nǹkan wà nínú ewé yẹn: àwọn Òyìnbó pàápàá ti mu irú rẹ̀ bíi sìgá nígbà kan rí nítorí ásímà, oògùn ìfàsímú kan tó ń jẹ́ ipratropium sì bá ohun tó wà nínú rẹ̀ tan. Ṣùgbọ́n májèlé ni. Kò sẹ́ni tó lè mọ iye tó wà nínú ewé kan sí èkejì, ìwọ̀nba tó ń ṣí àyà kò sì jìnnà sí èyí tó ń da orí ènìyàn rú. Bí wọ́n bá fẹ́ pe ìyẹn ní ìtọ́jú, kí wọ́n má ṣe fún ọmọdé.

ÌGÒ OMI TÓ Ń GBA Ẹ̀MÍ LÀ

Ọ̀pọ̀ tó ra oògùn náà kò mọ bí a ṣe ń fà á, ọ̀nà ọ̀fun ló ń pọ̀ sí. Ní 1999, Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town gbé e jáde nínú ìwé The Lancet pé ìgò ike omi lásán, tí ó gba 500 ml, ṣe iṣẹ́ tó dára bíi ti èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi fún àwọn ọmọdé. Ẹ fi ọṣẹ fọ ìgò náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ láìnù ún. Ẹ fi wáyà gbígbóná lu ìdí rẹ̀, kí ihò náà ṣe déédéé ẹnu oògùn, kí ẹ ki oògùn bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi nǹkan dí etí rẹ̀. Ẹ mì oògùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí aláìsàn fi ẹnu sí ẹnu ìgò, kí ó rọra mí sínú, mí síta, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá lo beclometasone tàbí budesonide, kí ó yọ́ ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ásímà bá gbé ènìyàn lójijì, ẹ jẹ́ kó jókòó ṣánṣán, ẹ má ṣe tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ tú ọrùn aṣọ rẹ̀, ẹ lé èrò kúrò lórí rẹ̀. Ẹ fún un ní salbutamol láti inú ìgò, láti ẹ̀ẹ̀mẹrin dé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ wá ọkọ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú bí ẹ bá ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò lè parí gbólóhùn kan kí ó tó mí, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí oorun ń gbé lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá ti ilé. Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ jù ni àyà tó ń súfèé tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́ lójijì nígbà tí ẹni náà ṣì ń jà fún èémí. Wọ́n á ní ó ti rọ̀ ọ́. Kò rọ̀ ọ́, atẹ́gùn ni kò wọlé mọ́. Ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Ẹ mú gbogbo oògùn tó ń lò dání, pẹ̀lú páálí rẹ̀, kí dókítà tó bá gbà á lálejò lóru náà lè mọ ohun tó ti wọ ara rẹ̀.